Ọmọ Tí A Kò Kà

Títí di òní, bí kùrukùru bá ti bo òkè Ẹfọ̀n, àyà mi máa ń já. Màá wo àwọn ọmọ tó bá wà lọ́dọ̀ mi, màá máa kà wọ́n sínú, ètè mi ò sì ní mì.

Tíṣà ìṣirò ni mí. Mi ò ní sùúrù, ẹni tó bá mọ̀ mí ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọlidé gígùn bá dé, mo máa ń kó àwọn ọmọ jọ sí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì wa, a ó máa fi eré kọ́ ìṣirò. Ayò la fi ń kọ́ wọn ní pínpín. A kọ nọ́ńbà sára ògiri, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lù ú, wọ́n sì ń ro góòlù wọn pọ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni eré sísá kan tí mo dá sílẹ̀ fúnra mi. Wọ́n á sáré tẹ̀ lé ara wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ sí oríta kan ní ẹsẹ̀ òkè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo so páálí mọ́ igi níbẹ̀, ìṣirò wà lára rẹ̀. Bí ìdáhùn ọmọ bá ju ogún lọ, kó yà sọ́tùn-ún, ọ̀nà yẹn á mú un padà wá sí àgbàlá. Bí kò bá tó ogún, kó yà sósì, á bá páálí kejì níwájú díẹ̀ tó sọ fún un pé ó ti ṣì í, kó padà. Mo rò pé mo gbọ́n.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo tò wọ́n sórí ìlà, mo na ìka sí ẹni àkọ́kọ́, mo ní, "Ọ̀kan." Ìyá àgbà kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń wò wá. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wá lo ọlidé láti Àkúrẹ́, ló dúró kẹ́yìn lórí ìlà. Màmá dìde, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní a kì í ka ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ìṣirò là ń ṣe níbí, báwo la ṣe fẹ́ ṣe é láìka nǹkan? Kò bá mi jiyàn.

"Tíṣà," ó ní, "wọ́n ti ka tèmi rí."

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ tí màmá sin pọ̀ ju èyí tó kù sí i lọ́wọ́ lọ. Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Mi ò ka ẹnikẹ́ni mọ́, mo fọn fèrè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ.

Bí àwọn kan ṣe ń padà dé ni afẹ́fẹ́ dìde. Kùrukùru sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, òjò tẹ̀ lé e. Mo gbá bọ́ọ̀lù àti ọpọ́n ayò mọ́ra, gbogbo wa sá wọ inú ilé, mo ń pín gúgúrú fún wọn, wọ́n ń pariwo. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọmọ mi dà?"

Mo ní bóyá ó wà ní ilé ìyàgbẹ́. Mo sáré lọ wò, kò sí níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ní òun rò pé ó ti dé, òmíràn ní òun ò rí i. Mo bi wọ́n pé mélòó ni wọ́n nígbà tí wọ́n ń lọ. Wọn ò mọ̀. Èmi tíṣà ìṣirò, mi ò lè sọ iye ọmọ tí mo rán jáde.

Àwọn ọmọ ìlú mọ òkè yẹn dáadáa, ṣùgbọ́n ọmọ Àkúrẹ́ ni eléyìí, kò mọ̀ pé lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún àpáta wà tó já wálẹ̀ gbọnrangandan, tí ewúrẹ́ pàápàá ń já sí. Mo sáré jáde nínú òjò. Mo ń pe orúkọ rẹ̀, ohùn ara mi nìkan ló ń padà wá bá mi.

Nígbà tí mo dé oríta, páálí mi ṣì wà lórí igi, ó ti rin gbingbin. Mẹ́fà lọ́nà méje. Mi ò mọ ibi tí mo máa yà sí. Ìgbà náà ni mo rántí. Ọmọ yẹn yára, kì í wo àmì! Ohun tó bá ti rí, á rò ó pọ̀ ni. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi jágbe mọ́ ọn nítorí rẹ̀. Mẹ́fà lọ́nà méje jẹ́ méjìlélógójì, ṣùgbọ́n mẹ́fà àti méje, mẹ́tàlá. Mẹ́tàlá ò tó ogún. Mo yà sósì.

Ibi tí mo so páálí kejì mọ́, okùn nìkan ló kù. Afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ. Kò sí ohun tó sọ fún ọmọ náà pé kó padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ̀ẹ́ kí n gbé òkú ọmọ mìíràn fún ìyá yẹn. Nígbà tó yá, mi ò lè dúró lórí àpáta mọ́ nítorí ó ń yọ̀, mo ń rá, mo ń pè é. Ohùn kékeré kan dá mi lóhùn nítòsí.

"Àǹtí, mi ò rí páálí kejì."

Ó di gbòǹgbò igi kan mú, ó ń gbọ̀n. Níwájú rẹ̀, díẹ̀ báyìí, kò sí ilẹ̀ mọ́. Mo rá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo fà á mọ́ra, mo pọ̀n ọ́n bí ọmọ ọwọ́, bó ti dàgbà tó.

Nígbà tí mo gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá gbà á lọ́wọ́ mi, ó fọwọ́ tọ́ orí rẹ̀, apá rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò bú mi. Ó wù mí kó bú mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo rò pé wọn ò ní wá. Wọ́n wá. Màmá fúnra rẹ̀ mú ọmọ náà dúró sórí ìlà, ó kọjú sí mi.

"Kà wọ́n."

Èmi tí mo fẹ́ rẹ́rìn-ín lánàá, ẹ̀rù ń bà mí láti pe ọ̀kan. Àwọn àgbà ní ohun tó ṣe àkàlàmàgbò tó fi dẹ́kun ẹ̀rín rínrín, bó bá ṣe igúnnugún, á wokoko mórí ẹyin. Màmá dúró títí, nígbà tó rí i pé mi ò lè sọ̀rọ̀, ó lọ gbé ọwọ́ lé orí ọmọ àkọ́kọ́, ó ní, "Ọ̀kan." Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ìlà, ó ń fọwọ́ kan orí wọn, ó ń kà wọ́n. Ó wá kan ọmọ ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ọmọ náà, ẹnu rẹ̀ ṣí, nǹkan kan ò jáde.

Mo lọ dúró tì í. Mo gbé ọwọ́ mi lé ọwọ́ rẹ̀, mo sì bá a pe nọ́ńbà náà.