Wọ́n Ní Ó Ti Rìnrìn Àjò

Mo rántí òórùn búrẹ́dì gbígbóná tí Alága rà fún mi ní ibùdókọ̀ Jíbówú ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí a ṣì wà ní yunifásítì. Alága kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Òun ni alága àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé tí à ń gbé, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí ó fi darúgbó. Ó wá jí mi ní yàrá, ó ní wọ́n ránṣẹ́ láti Iléṣà pé ara bàbá mi ò fi bẹ́ẹ̀ le, pé òun á bá mi lọ, torí òun ò tíì dé ìlú wa rí. Ó fi sadíìnì há inú búrẹ́dì náà, ó sì ní kí n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ọkọ̀. Àwàdà ló ń ṣe títí a fi kọjá Ìbàdàn. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ìyá kan tó jókòó níwájú wa yíjú padà, ó ní kí n rọra. Ọmọ yunifásítì ni mí nígbà yẹn, mo gbà pé kò sí ohun tó lè pamọ́ fún mi láyé, síbẹ̀ kò wá sí mi lọ́kàn láti bi ara mi ìdí tí ọkùnrin tó ń ṣahun gaàrí sí wa fi ra odidi sadíìnì fún mi. Ìgbà tí a yà sí àdúgbò wa, tí mo rí àga tí wọ́n tò síwájú ilé, ni mo tó mọ̀ pé bàbá mi ti kú láti àná.

Inú bí mi sí i. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi.

Ó ní, "Tí mo bá sọ ọ́, ṣé wàá jẹun? Mo fẹ́ kí nǹkan kọ́kọ́ wà níkùn ẹ."

Láti ọjọ́ yẹn ni ara ti máa ń fu mí tí ènìyàn bá ń kẹ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Nínú àwa tí a jọ ń gbé yàrá yẹn, àwa mẹ́ta ló wá kù. Mò ń gbé Sùúrùlérè, Alága ń gbé Sábó. Ẹnì kẹta ni Gólì, tó máa ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa. Òun ò kúrò ní ilé bàbá rẹ̀ ní Pápá Àjàó, níbi tí àwọn ẹbí rẹ̀ ti ń ránṣọ. Àwọn yòókù ti lọ. Èyí tó máa ń fi ìwé bojú sùn ní láíbìrì ti lọ. Èyí tó máa ń kọrin ní balùwẹ̀ títí omi á fi tán fún àwa yòókù, òun náà ti lọ. A kì í gbọ́ ọ lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀. Àwọn ará ilé wa á kọ́kọ́ ní ó ti rìnrìn àjò. Ó dìgbà tó bá pẹ́ díẹ̀, tí wọ́n rí i pé a ti jẹun, tí a sì ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wa, kí wọ́n tó wá jókòó tì wá. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe fún àwọn òbí wa, a ò lè bínú.

Ní àsìkò òjò kan tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, mo ṣàkíyèsí pé ìyàwó mi ń gbé fóònù lọ sí ẹ̀yìnkùlé tó bá ti dún. Ẹran inú ọbẹ̀ mi ń pọ̀ sí i. Ọmọkùnrin mi, tí a kì í rí àfi tí ọdún bá dé, ṣàdédé yà wá kí mi láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń bi mí bí mo ṣe sùn. Mo ní mo fẹ́ lọ sọ́dọ̀ Alága ní Sábó ní Sátidé, bí a ṣe máa ń ṣe.

Ìyàwó mi ní, "Alága ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀ ní Kánádà. Ẹ ti gbàgbé ni?"

Mi ò gbàgbé, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́, torí Alága ti lọ síbẹ̀ rí, àti pé òun ni ara rẹ̀ le jù nínú wa. Àràárọ̀ ló ń fẹsẹ̀ rìn yí Sábó ká.

"Gólì ńkọ́?"

"Fóònù ẹ̀ ti bàjẹ́, Dádì. Ẹ jẹun."

Ìtọ̀ ṣúgà ń da Gólì láàmú, egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò sì tètè jinná. Mo wo ẹran inú abọ́ mi, mo sì mọ̀ pé ikú Gólì ni wọ́n ń fi pamọ́ fún mi.

Ní ọjọ́ kejì mo ní mo fẹ́ lọ gẹrun, mo wọkọ̀ lọ sí Pápá Àjàó. Láti òkèèrè ni mo ti rí àga níwájú ilé wọn. Ẹsẹ̀ mi dúró. Ìgbà tí mo sún mọ́ ọn ni mo rí i pé àwọn tó wá gba aṣọ ló jókòó síbẹ̀, tí wọ́n ń bá télọ̀ jà. Gólì fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde sí wọn. Ó rí mi, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri.

"Lahíláà! Ìwọ nìyí?"

"Èmi ni. Ta lo fẹ́ kó jẹ́?"

"Wọ́n gba fóònù mi, wọ́n ní ó bàjẹ́. Ìyàwó mi ń sunkún ní balùwẹ̀, ó ní àlùbọ́sà ni. Ta ló ń gé àlùbọ́sà ní balùwẹ̀? Mo ní ìwọ ti lọ nìyẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàdúà fún ẹ láàárọ̀ yìí ni!"

"O ṣeun. Èmi náà, òkú ẹ ni mo wá kí."

A rẹ́rìn-ín títí Gólì fi ń húkọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó rí mi, ó fọwọ́ lérí, ó sá wọlé padà. Ẹ̀rín wa bẹ̀rẹ̀ sí í tán.

Gólì ní, "Alága ńkọ́?"

"Wọ́n ní ó lọ Kánádà."

"Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sọ fún èmi."

Alága ò ní ẹnikẹ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù. A jókòó láàárín àwọn tó ń bá télọ̀ jà, kò sí èyí tó wo ojú ẹnì kejì.

Nígbà tó yá, Gólì ní, "Àwọn ọmọ yìí ò mọ̀ ọ́n ṣe. Tó bá jẹ́ Alága ni, ìlú kan ṣoṣo ni ì bá ní kí gbogbo wọn dárúkọ."

Ìgbà tí mo délé, ìyàwó mi wo orí mi, ó rí i pé irun mi wà bó ṣe wà. Kò bi mí. Ó gbé oúnjẹ wá. Mo jẹ ẹ́ tán, mo jẹ gbogbo ẹran náà, mo lo oògùn mi, mo wá ní kó jókòó, kó sọ ìrìn àjò Alága fún mi. Ẹkún ti gbọ̀n ọ́n kó tó jókòó.

Ní báyìí, èmi àti Gólì ti kìlọ̀ fún ilé méjèèjì: ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n sọ fún ẹnì kejì lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹun, ì báà má jẹun. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Mi ò gbà wọ́n gbọ́. Láàárọ̀ yìí, ìyàwó mi gbé búrẹ́dì wá, mo ṣí i, mo rí sadíìnì nínú rẹ̀. Mo gbé e kalẹ̀, mo mú fóònù. Ó dún pẹ́ kí wọ́n tó gbé e.

Gólì ní, "Mo ṣì wà. Jẹ búrẹ́dì ẹ."