Bí Dalẹ́ndà Ṣe Tún Ìlànà Fànúsì Kọ Lórí Ọkọ̀ Kẹrikẹ́nà

Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí mo bá fi ẹyọ irọ́ kan sí i, kí iyọ̀ òkun jẹ kọ̀ǹpútà mi. Ẹni tó bá sì mọ bí mo ṣe fẹ́ràn kọ̀ǹpútà yẹn, tí mo fúnra mi kọ́ láìsí olùkọ́ kankan, yóò mọ̀ pé kékeré kọ́ ni ìbúra náà.

Ilé ìtajà oògùn ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Dalẹ́ndà ti ń ṣiṣẹ́ ní Sífáàsì, ìlú etí òkun ní Tùnísíà. Gbogbo àdúgbò ló mọ àṣà rẹ̀: bó bá ta oògùn fún ọ, o ò ní jáde àfi tí o bá tún bí wàá ṣe lò ó sọ fún un. Ó ti pe ọ̀gá ọlọ́pàá kan padà láti ẹnu ọ̀nà rí, nítorí ọkùnrin náà ní òun ti gbọ́. “Mi ò bi yín bóyá ẹ gbọ́. Ẹ sọ ọ́!” Ọ̀gá ọlọ́pàá sọ ọ́ bí ọmọ iléèwé, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni Múnjì, olùkọ́ ìtàn ní erékùṣù Kẹrikẹ́nà. Láti kékeré ni ojú Múnjì kò ti ríran. Fànúsì ló fi ń kàwé, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tó máa ń ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ sókè, bí ará ilé ẹni ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an. Ọ̀fẹ́ ni. Síì Hẹ́dì, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ iná mànàmáná, àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé kọfí Tìjánì ní Sífáàsì ló ṣe é. Ṣùgbọ́n wọn kì í gbé e fúnni ní sísè. Kóòdù tútù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà, ni wọ́n ń gbé síta, kí oníkálukú tẹ̀lé ìlànà tó bá a wá, kó tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀.

Ni iyọ̀ òkun bá pa kọ̀ǹpútà Múnjì. Wọ́n ra tuntun. Iléèwé máa wọlé lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá ibẹ̀ sì ti sọ ọ́ kedere: bí Múnjì kò bá tíì lè máa ka iṣẹ́ àwọn ọmọ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹlòmíràn ni yóò gba kíláàsì rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Dalẹ́ndà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá a ní Kẹrikẹ́nà. Ó jókòó ti ẹ̀rọ tuntun, ó tẹ̀lé ìlànà náà lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀rọ náà ṣe wàhálà títí, ó ní òun kò rí ohùn. Ó tún un ṣe. Kò rí ohùn. Ó pe Síì Hẹ́dì.

“Síì Hẹ́dì, ìlànà yín ò ṣiṣẹ́ o.”

“Ó ń ṣiṣẹ́ níbí.”

“Níbo ni níbí?”

“Iwájú mi níbí ní ilé kọfí. Bóyá o fo ibì kan, ọmọ mi.”

“Èmi? Èmi Dalẹ́ndà, kí n fo ibì kan?”

Inú bí i. Ó gbà pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni kò dáa, ó sì jókòó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ó gé ọ̀rọ̀ gígùn kúrú, ó kọ ọ́ bí ẹni ń kọ ọ́ sára páálí oògùn: ṣe èyí ná, lẹ́yìn náà ṣe tọ̀hún. Ó dùn ún kà ju ìwé ìròyìn lọ. Síbẹ̀, kò rí ohùn.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó kó kọ̀ǹpútà àti Múnjì fúnra rẹ̀, ó di ilé kọfí. Ẹ ò ní gbà á gbọ́: níbẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó dán an wò, Fànúsì sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ! Àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí àga fi ń dún.

“Ṣé o rí i?” ni Síì Hẹ́dì wí. “Ọwọ́ ẹ ló ń gbọ̀n. Máa ta oògùn ẹ jẹ́jẹ́.”

Dalẹ́ndà fi kọfí gbé e mì. Wọ́n padà sí èbúté, wọ́n wọkọ̀. Múnjì ṣí kọ̀ǹpútà kó lè máa gbádùn lọ.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí, “ó ti yadi.”

Igbe tí Dalẹ́ndà ké lé gbogbo ẹyẹ òkun lọ sí Líbíà. Ó ní kí Múnjì jókòó de òun, ó sọ̀ kalẹ̀, ó padà lọ dúró lé Síì Hẹ́dì lórí.

“Ẹ dìde. Ẹ gbé ẹ̀rọ yín.”

“Kí ló tún dé?”

“Ẹ máa pa Fànúsì rẹ́ lórí ẹ̀rọ tiyín, kí ẹ wá fi ìlànà yín tò ó níṣojú mi, lórí omi. Ẹ tún un sọ fún mi!”

“Ká tó kúrò ní èbúté, mo ti ṣe é tán,” ni bàbá náà fọ́nnu.

Ọkọ̀ kúrò ní èbúté. Bàbá fi íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ̀ ṣe é, kò rí ohùn. Ó bú atẹ́gùn. Ó tún un ṣe, kò rí ohùn. Ó bú fóònù, ó bú òkun, ó bú fìlà tí Múnjì dé.

“Síì Hẹ́dì,” ni Múnjì wí pẹ̀lẹ́, “ṣé ọwọ́ tiyín náà ń gbọ̀n ni?”

Bàbá ṣàdédé gbá iwájú orí ara rẹ̀ mú. “Yéè! Àpótí Tìjánì!”

Lọ́jọ́ tó ti pẹ́, íńtánẹ́ẹ̀tì ilé kọfí máa ń wọ́ bí ìgbín. Ni wọ́n bá kó gbogbo ohùn Fànúsì sínú kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan tí wọ́n ń pè ní àpótí, lábẹ́ àpò ṣúgà nídìí káńtà Tìjánì, wọ́n sì ní kí Fànúsì máa lọ gba ohùn níbẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá ṣí i. Ilé kọfí náà ni wọ́n ti ń tò ó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dán an wò. Èyí tí Múnjì ń lò tẹ́lẹ̀ ti wà kí àpótí náà tó dé. Kò sì sí ìkankan nínú wọn tó ń lo Fànúsì nílé, ojú gbogbo wọn ló ríran.

“Àwọn tó ń kọ̀wé ráhùn láti ìta ńkọ́?” ni Dalẹ́ndà bi í. “Kí lẹ máa ń sọ fún wọn?”

“Mo máa ń ní... ó ń ṣiṣẹ́ níbí.”

“Níbí! Abẹ́ àpò ṣúgà ni níbí yín!”

Bàbá pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé kọfí pé kí wọ́n kó ohùn náà síta, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù, kẹ́nikẹ́ni lè gbà á. Tìjánì já fóònù gbà: “Ẹni tó bá fọwọ́ kan ṣúgà mi, màá pa á!”

“Tìjánì, mo bẹ̀ ọ́. Obìnrin kan ló dúró lé mi lórí yìí.”

Síì Hẹ́dì yí kóòdù náà padà kí Fànúsì máa wá ohùn nínú ẹ̀rọ ẹni tó ni ín. Dalẹ́ndà kọ ọ́ sókè ìlànà, ṣáájú gbogbo ohun mìíràn: ibi tí wọ́n ti máa gba ohùn, àti ibi tí wọ́n máa kó o sí.

“Ibi tí ẹ kọ ‘bí ẹ ṣe rí i nínú àwòrán’ sí,” ni Múnjì wí, “ẹ yọ ọ́. Ta lẹ rò pé ó ń lo nǹkan yìí gan-an?”

Bàbá yọ ọ́, kò lè wò ó lójú.

Nígbà tí wọ́n délé, Dalẹ́ndà kọ̀, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Fóònù Múnjì ń ka ìlànà sókè, Múnjì ń tẹ̀ ẹ́. Síì Hẹ́dì na ọwọ́, Dalẹ́ndà gbá a lọ́wọ́. Múnjì tẹ èyí tó kẹ́yìn. Nígbà náà ni ẹ̀rọ náà lahùn: “Ẹ káàsán o.”

“Káàsán,” ni Múnjì dá a lóhùn. Ó yíjú sí àwọn méjèèjì. “Ó yá, ẹ jáde. Mo ní iṣẹ́ àwọn ọmọ láti kà.”

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá iléèwé dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó tẹ́tí títí, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìlànà Fànúsì sì ní ìlà kan báyìí fún àwọn tó ń ṣe é: ẹ má ṣe dán an wò ní ilé kọfí.

Ẹni tó bá rò pé mo bù mọ́ ọn, kó lọ bi Tìjánì Maṣífẹ́jì. Ó wà láàyè, káńtà rẹ̀ ló wà látàárọ̀ dalẹ́. Inú ṣì ń bí i nítorí ṣúgà tí wọ́n dà nù.