Ṣílẹ̀kùn, Ọkùnrin Tó Dá Ìgbéyàwó Ara Rẹ̀ Dúró

Ọjọ́ tí Ṣílẹ̀kùn gbéyàwó ni gbogbo èèyàn gbà pé orí ọkùnrin náà ò pé, tàbí pé ó pé ju ti àwọn yòókù lọ. Gbọ̀ngàn ti kún fọ́fọ́. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ funfun tó wọ̀, ti dúró, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Akọ̀wé tí yóò so wọ́n pọ̀ ti ṣí ìwé, ó ti wúkọ́ díẹ̀ kí ohùn rẹ̀ lè dá ṣáká, ó wá bi ọkọ pé ṣé ó gbà láti fẹ́ obìnrin yìí.

Ọkọ ò dáhùn. Ojú rẹ̀ ti gba èjìká akọ̀wé kọjá, ó ti lọ bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, níbi tí àgádágodo kan tó tó orí ọmọ tuntun ti rọ̀ dirodiro.

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ yẹn?" ló ní.

"Ọkọ ìyàwó," akọ̀wé ní, "ohun tí mo bi yín kọ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀. Tiyín lè dúró. Èyí ò lè dúró."

Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe é. Ọ̀dọ̀ àwọn pánápáná ló ti ń jẹun, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú àwọn tó ń gbé rọ́bà omi sáré tọ iná lọ. Òun ni wọ́n máa ń rán kí iná tó dé: wolé-wolé tó ń wo wáyà, tó ń wo àtẹ̀gùn, tó ń wo ibi tí èèyàn máa gbà sá jáde bí nǹkan bá yíwọ́. "Ẹ ṣílẹ̀kùn yẹn!" lọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ níbikíbi tó bá dé, kó tiẹ̀ tó kí èèyàn. Bó ṣe di Ṣílẹ̀kùn nìyẹn.

Máníjà gbọ̀ngàn sáré dé, òógùn bò ó. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ ayọ̀ yín mà nìyí!"

"Iná ò mọ ọjọ́ ayọ̀."

"Nítorí olè la ṣe tì í."

"Ẹ ti olè mọ́ta, ẹ wá ti iná mọ́ wa nílé!" Ó kọjú sí àwọn àlejò, ó gbé ohùn sókè. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀. Ẹ dìde, ẹ má sáré, ẹ má ti ara yín. Gbogbo wa ń bọ́ síta."

Bí bàbá ìyàwó, ìyá ìyàwó, alásè, ayàwòrán àti akọ̀wé pẹ̀lú ìwé rẹ̀ ṣe lọ dúró sínú oòrùn nìyẹn, tí wọ́n ń retí wẹ́dà tó máa wá gé àgádágodo. Ìyá ìyàwó fẹnu sún mọ́ etí ọmọ rẹ̀. "Kò tíì pẹ́ jù o, ọmọ mi. Mọ́tò bàbá rẹ nìyẹn lẹ́bàá ọ̀nà, epo wà nínú ẹ̀."

Nígbà tí wọ́n padà wọlé, Ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀ lọ ṣí ilẹ̀kùn náà, ó tì í, ó tún ṣí i, ó mi orí, ó sì pariwo láti ọ̀hún pé, "Mo gbà!" Akọ̀wé nu ojú, ó kọjú sí ìyàwó. Aránṣọ wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Èmi náà gbà," ó ní, "níwọ̀n bí ọ̀nà àbájáde ti wà."

Kì í ṣe pé aránṣọ ò mọ ohun tó ń kó ara rẹ̀ sí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé. Ṣílẹ̀kùn wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó bá aṣọ tí wọ́n tò kan àjà, ẹ̀rọ ìránṣọ dí ẹnu ọ̀nà, wáyà sì lọ́ mọ́ra wọn bí ejò tó ń sùn.

"Arábìnrin, bí iná bá ṣẹ́yọ níbí, kí lẹ máa ṣe?"

"Màá ní kí wọ́n pè yín."

"Kí n tó dé ńkọ́?"

"Ṣé ẹ máa ń pẹ́ ni?"

Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó lọ, ó tún padà wá. Aránṣọ ti kó aṣọ kúrò, ó ti sún ẹ̀rọ, ó ti tún wáyà ṣe, kò sì sí ohun tó kù láti yẹ̀ wò. Síbẹ̀, ọkùnrin náà tún ń yọjú. "Ọ̀gá, kí lẹ wá wò lónìí?" Ṣílẹ̀kùn gbójú sókè. "Mo wá wo òkè àjà." Aránṣọ fa òórùn símú. "Òkè àjà lẹ tìtorí ẹ̀ fín lọ́fínńdà sára báyìí?"

Kò sí ohun tí Ṣílẹ̀kùn fẹ́ràn tó kó dúró níwájú èrò kó máa dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Yálà ọmọ ilé ìwé ni o, yálà òṣìṣẹ́ báńkì ni, òwe kan náà ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Á dúró ṣánṣán, á na ìka sókè, á ní, "Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò lè tán léèékánná!" Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, aránṣọ bá a lọ, ara rẹ̀ ò sì gbà á mọ́. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, ó ní, "Bàbá wọn, iná tó wà nínú òwe yẹn, kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú aṣọ ni. Kì í ṣe iná tó ń jó."

Ṣílẹ̀kùn ń rìn lọ, ó na ìka sókè. "Ìyá wọn, iná ni iná. Bó jẹ́ èyí tó ń jó, bó jẹ́ èyí tó ń jẹni, ṣé ẹnì kan wà tó fẹ́ ẹ láṣọ?"

Nínú ilé tirẹ̀ gan-an, kò sí ìsinmi. Ó ra fèrè kan, ó ní bí òun bá ti fọn ọ́n, kí oníkálùkù ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó bọ́ síta, kó má gbé abẹ́rẹ́ pàápàá. Ìyá ìyàwó wá kí wọn nígbà kan, Ṣílẹ̀kùn la gbogbo òfin fún un, ìyá sì ń mi orí bí ẹni tó gbọ́. Fèrè dún. Ọmọ wọn kékeré bọ́ síta, aránṣọ bọ́ síta pẹ̀lú píìnì ìránṣọ lẹ́nu. Ìyá gbẹ̀yìn, ó ń rìn jẹ́ẹ́, ó gbé odidi ìkòkò ọbẹ̀ dání.

"Ẹ̀yin ìyá! Mo ní kí ẹ má gbé ohunkóhun!"

"Ọkọ ọmọ mi, bí ilé bá jó tán, kí la máa jẹ?"

"Ẹ̀mí ló ṣe pàtàkì, mà."

"Ẹ̀mí tí ò jẹun ńkọ́?"

Ṣílẹ̀kùn fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n atẹ́gùn gbé òórùn ọbẹ̀ náà wá bá a. Ó gbé itọ́ mì. Ó ní níwọ̀n bí ẹrù náà ti jáde láìséwu, ó yẹ kí òun yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe tọ́. Ojúde ni wọ́n jókòó sí. Ìyẹ̀wò náà sì jinlẹ̀ dé ìdí ìkòkò.

Àfi ọjọ́ tí áyọ́ọ̀nù bá a fínra. Òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, fóònù dún, ó lọ gbé e, ó gbàgbé. Èéfín ló pè é padà. Ìtàkùrọ̀sọ ni aránṣọ gbọ́ láti inú yàrá, ó rọra wá yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀ dúró níwájú dígí, akoto iṣẹ́ lórí, ṣòkòtò tó ti jó lu lọ́wọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ̀yin lẹ fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí ṣòkòtò?"

"Èmi ni, ọ̀gá. Fóònù ló dún."

"Ohun tí gbogbo yín máa ń sọ nìyẹn."

"Ẹ ṣàánú mi, ọ̀gá, mo lọ́mọ."

"Ọmọ yẹn gan-an lẹ ò bá sun jóná!"

Aránṣọ di ara ilẹ̀kùn mú kí ẹ̀rín má baà gbé e ṣubú. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá wa foríjì í. Iṣẹ́ èṣù ni." Ṣílẹ̀kùn ò tilẹ̀ yíjú padà. "Èṣù," ó ní, "kò ní áyọ́ọ̀nù."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ fóòmù kì í ṣe ti ẹ̀rín níbẹ̀rẹ̀. Màdáámù kan ló ni ín, obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ibi tó ń lọ ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, wọ́n sì ti kó fóòmù dí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pátápátá. Ṣílẹ̀kùn ní kí wọ́n kó o kúrò. Màdáámù ní kò síbi tí òun máa kó o sí. Ó lọ fẹjọ́ Ṣílẹ̀kùn sùn lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ọ̀gá sì pè é, ó ní bí kò bá fi obìnrin náà lọ́rùn sílẹ̀, òun á gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó rọ́bà omi tó ti bàjẹ́ sí, kó máa ṣọ́ ọ títí tó máa fi gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́.

Aránṣọ rí i pé oúnjẹ ò lọ lẹ́nu ọkọ rẹ̀. "Ìyá wọn, bí wọ́n bá lé mi ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ò tíì rẹ̀ mí. Lọ ṣe ohun tí o máa ṣe."

Ṣílẹ̀kùn gbé àga láti ilé, ó lọ jókòó ti fóòmù yẹn. Bí màdáámù bá dé láàárọ̀, á kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bó bá ń lọ lálẹ́, á ní ó dàárọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá bàbá tó jókòó yẹn náà wà fún títà. Ọ̀rọ̀ yìí ló ká màdáámù lára. "Ẹ kó o kúrò!" ló pariwo. "Ẹ kó fóòmù kúrò, kí wèrè yìí lè máa lọ sílé rẹ̀!"

Ọdún náà ò tíì parí tí wáyà kan fi bú gbàù nínú ilé iṣẹ́ náà, ní ọ̀sán gangan. Aránṣọ gbọ́, kò lè ti ṣọ́ọ̀bù, ó sáré dé ibẹ̀ pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Iwájú ilé náà ti di ọwọ́ iná. Ó rí ọkọ rẹ̀ níbi tó jókòó sí lẹ́bàá gọ́tà, eérú ti mú ojú rẹ̀ funfun.

"Àwọn òṣìṣẹ́ ńkọ́?" ó bi í.

"Ẹ̀yìn ni wọ́n gbà." Ohùn rẹ̀ kéré. "Gbogbo wọn pátá, títí kan màdáámù, ló gba ẹ̀yìn jáde." Ó gbé orí lé èjìká ìyàwó rẹ̀.

Ìgbà náà ni màdáámù já dé, gèlè ti bọ́, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ṣílẹ̀kùn! Ṣílẹ̀kùn, kí ni mo fẹ́ sọ..."

Ṣílẹ̀kùn gbé orí sókè, ojú rẹ̀ sì padà sípò lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ dúró ná. Ta ló gbé mọ́tò síbi tí ọkọ̀ pánápáná fẹ́ gbà yìí?"

"Tèmi ni."

"Ẹ lọ gbé e kúrò, ẹ máa wá sọ̀rọ̀!"

Ṣílẹ̀kùn dàgbà, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò sì lágbára mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ó bá nọ́ọ̀sì jà lórí kẹ̀kẹ́ oògùn tó dábùú ọ̀dẹ̀dẹ̀, nọ́ọ̀sì sún un, ó dúpẹ́, ó sùn. Nínú oorun náà ló gbà lọ. Aránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rán etí aṣọ kan, ó rán an títí kó tó mọ̀ pé òun nìkan ló kù nínú yàrá.

Nígbà tí èrò ti dín kù nílé ọ̀fọ̀, màdáámù wá. Ó ti darúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó jókòó, ó sì ní, "Ìyàwó Ṣílẹ̀kùn, mo wá fẹjọ́ ọkọ rẹ sùn ọ́."

"Ẹjọ́ wo tún ni, màdáámù?"

"Láti ọjọ́ iná yẹn ni mo ti fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbà fún mi. Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì, ó ní àga tí mo jókòó sí dínà. Mo bá a pàdé ní títì, ó ní gìgísẹ̀ bàtà mi ga jù, pé báwo ni mo ṣe máa sáré sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀. Mo wá pè é lórí fóònù. Ó ní ṣé kì í ṣe pé mo fi fóònù sí iná lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Ṣé orí bẹ́ẹ̀dì ló wà?"

"Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà!"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ. Ó nu ojú. "Ó dáa, ẹ dúpẹ́ náà báyìí. Mo ń gbọ́. Kò sí ẹni tó máa já lu ọ̀rọ̀ yín mọ́."

Màdáámù la ẹnu. Obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀ la ẹnu, nǹkan kan ò jáde. Ó di ọwọ́ aránṣọ mú.

"Ó yọ mí lẹ́nu," ó ní nígbẹ̀yìn. "Ọkùnrin yẹn yọ mí lẹ́nu, ó yọ mí lẹ́nu, títí ó fi yọ mí nínú iná."

Aránṣọ sún mọ́ ọn lórí àga, ó jẹ́ kí obìnrin náà sunkún tẹ́rùn, kò sì yá ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì lára láti dìde.