Ìpẹ́ Òkúta Tí Mo Rẹ Sínú Omi Eérú

Nígbà tí mo wà ní kékeré, lóko wa lápá Àkànràn, àpáta dúdú kékeré kan yọrí láàárín àwọn àpáta funfun tí a ń sá láfún sí. Ẹ̀yin àbúrò mi, bí oòrùn bá ti mú, ara rẹ̀ á máa kọ mànà, nítorí ìpẹ́ wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀. Bí èèyàn bá fi èékánná họ ọ́, á máa ṣí ní pẹlẹbẹ bí ojú ìwé. A kì í sá láfún sórí ẹ̀ rárá, kí ìpẹ́ má baà wọnú oúnjẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan gun ọ̀kadà wá láti yunifásítì nítorí òkúta yìí. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Wọ́n ní kó máa gé e, wọ́n wá bi í bóyá ọkọ ló fẹ́ fi wá. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Ìyá Àgbà lọ yí láfún padà, èmi ló ń ṣàlàyé fún. Ó ní iná ló gbé òkúta náà jáde láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀, níbi tí kànga kankan ò lè dé. Irin wà nínú ìpẹ́ rẹ̀, ohun kan tó máa ń wà nínú eérú igi sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí òun bá mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó, òun á mọ bí ibi tó ti wá ṣe jìn tó. Àmọ́ òjò ti fọ ti inú eérú yẹn kúrò lára àwọn ìpẹ́ òde, ó sì fẹ́ mọ èyí tó ṣẹ́ kù. Ó ṣa gbogbo ìpẹ́ òde náà sínú àpò, ó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ó ní òun ń bọ̀ wá gbé e lọ́la.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà rí i pé amọ̀ kún ara wọn. Wọ́n ní a kì í di ẹrù ẹlẹ́gbin fún àlejò, kí n rẹ wọ́n sínú omi eérú tí àwọn fẹ́ fi se ọṣẹ. Mo rántí ohun tí obìnrin náà sọ. Mo rẹ wọ́n bẹ́ẹ̀ náà.

Nígbà tí obìnrin náà dé lọ́jọ́ kejì, tó rí wọn tí wọ́n ń dán lórí atẹ, ó béèrè ohun tí a fi fọ̀ wọ́n. Ìyá Àgbà fi ìdùnnú sọ ọ́. Ó jókòó. Ó rọra ṣàlàyé pé ìpẹ́ tó ti gbó máa ń fa ohun inú eérú mọ́ra padà, ohunkóhun tí òun bá wọ̀n níbẹ̀ báyìí, irọ́ ni. Ìpẹ́ òde ò sì kù lára àpáta mọ́.

Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n lè bí lọ́mọ-ọmọ.

"Má bínú, ọmọ mi. Àìmọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Obìnrin náà sáré gbé wọn dìde, òun náà wá ń bẹ̀ wọ́n. Ó wò mí.

Títí Ìyá Àgbà fi kú ni wọ́n ń sọ pé àwọn ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Mi ò lanu.

Láyé ìgbà yẹn, ọmọdé kì í tọ́ àgbà sọ́nà. Ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú nìyẹn, àmọ́ ká ní mo rọra sọ ọ́ ni, Ìyá Àgbà ò ní bínú. Dídákẹ́ ló kàn rọ̀ mí lọ́rùn. Lónìí, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi á wo ojú mi, á ní, "Bọ̀dá, ibi tẹ́ ẹ gbà yẹn kọ́." Àwọn àgbà ilé ní ó ń yájú, wọ́n ní kí n bá a wí.

Mi ò lè bá a wí.