Bẹ́ǹṣì Àlejò ní Kíláàsì Kafilatou

Bí ẹ bá bá mi lọ́jà Tchaourou, ẹ ó gbọ́ pé ogún olùkọ́ ló wá sí abúlé wa lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀hún, pé eruku alùpùpù wọn bo oòrùn débi pé àwọn adìyẹ lọ wọlé sùn lọ́sàn-án gangan. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, n ó sì tún un sọ. Ṣùgbọ́n níbí yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Kafilatou ni orúkọ olùkọ́ wa. Ọmọ Savè ni. Wọ́n gbé e wá sí abúlé wa níhà Sanson, sí ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní olùkọ́ mìíràn. Òun ni dìrẹ́tọ̀, ìyẹn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, òun ni olùkọ́, òun náà ló ń lu irin táyà tí a so mọ́ igi máńgòrò bí agogo. Tata làwọn ọmọ ń pè é. Bí wọ́n bá ti lọ tán, a kì í gbóhùn rẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn obìnrin ń tijú láti bá a jókòó, nítorí ó mọ̀wé. Àwọn ọkùnrin ń bẹ̀rù ìyàwó wọn. Èmi nìkan ni mò ń yà kí i. Ìyàwó tèmi ti wà lọ́run, kò sẹ́ni tí yóò bá mi jà.

Àwọn olùkọ́ ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní animasiọ́n. Wọ́n á péjọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀kan nínú wọn, onílé á kọ́ àwọn ọmọ, àlejò á jókòó sẹ́yìn kíláàsì, wọ́n á máa wò ó. Bó bá parí, wọ́n á sọ ibi tó ti ṣe dáadáa fún un, wọ́n á sì sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó.

“Bàbá Dàda,” Kafilatou sọ fún mi, “láti ìgbà tí mo ti débí, kò sí olùkọ́ kan tó rí mi lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá mò ń ṣe é bó ṣe yẹ, tàbí mo kàn ń pariwo.”

“Ariwo rẹ dùn,” ni mo fèsì.

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀.

Nígbà tí kajú bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, ó kan ilé-ẹ̀kọ́ wa láti gba àlejò. Ẹ wá wo Kafilatou! Ó fọ ìjókòó, ó tẹ́ aṣọ sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ó ní kí ìyá Habibath, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, bá òun gún iyán. Ó kọ́ àwọn ọmọ pé kí kálukú kọ́kọ́ dá ronú, kí ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́, kí gbogbo kíláàsì tó wá jùmọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn ọmọ jókòó wámúwámú. Ojú Kafilatou ò kúrò lọ́nà. Oòrùn gòkè, kò sí alùpùpù kankan. Fóònù kì í wọlé lábúlé wa, àfi lórí ọ̀gán tó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Ó gùn ún. Mo tẹ̀ lé e, mo ní kó má baà ṣubú ni. Etí ni mo fẹ́ lò.

“Dìrẹ́tọ̀ Idrissou, ibo lẹ dé?” ni ó bi ẹni tó ń darí animasiọ́n náà.

“Háà, Tata Kafilatou! Wọn ò sọ fún ẹ ni? A ti gbé e wá sí Tchaourou. Ọ̀nà tiyín yẹn, eruku pọ̀ jù! A pè ọ́, kò lọ. Pardon, ẹ̀n?”

“Ṣé kí n máa bọ̀?”

“Kí o tó dé, a ó ti parí.”

“Kò burú, Dìrẹ́tọ̀.”

Ohùn ọkùnrin náà ti lọ, Kafilatou ṣì gbé fóònù sétí.

Ni mo bá lọ mú Àlúkò, ọ̀rẹ́ mi, tó ń bọ̀ láti oko pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kajú. Mo fà á wọ kíláàsì, mo mú un jókòó sórí bẹ́ǹṣì àlejò.

“Kí la wá ṣe níbí?”

“Olùkọ́ ni wá lónìí.”

“Èmi tí wọ́n lé nílé-ẹ̀kọ́ nítorí máńgòrò?”

“Ṣí fìlà, kí o dákẹ́.”

Kafilatou wò wá títí. Mo rò pé yóò lé wa. Ó mú ṣọ́ọ̀kì.

Ó béèrè ìdí tí omi inú ìkòkò amọ̀ fi máa ń tutù. Àlúkò nawọ́ sókè: “Nítorí pé ìyàwó mi ló pọn ọ́n!”

“Baba, ẹ kọ́kọ́ dá ronú ná!” Habibath kígbe, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó parí, ó rán àwọn ọmọ lọ jẹ iyán àwọn àlejò. Ó fa àga, ó kọjú sí wa. “Ó yá. Ibo ló kù sí?”

“Kò kù síbì kankan,” Àlúkò wí.

Èmi la ẹnu: “Láti Savè dé Parakou, kódà ní Paris—”

“Bàbá Dàda, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má purọ́ fún mi lónìí.”

Mo ṣí fìlà tèmi náà. Mo sọ ohun tí mo rí.

“O ń bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè, ṣùgbọ́n kí ẹnìkan tó lanu, o ti dá ara rẹ lóhùn. Gbogbo rẹ̀ lo ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

“Èmi náà ń ṣe é nílé. Mo máa ń béèrè pé, ‘Iyọ̀ dà?’ Èmi náà á ní, ‘Ó wà lẹ́yìn ààrò.’”

Àlúkò tẹjú mọ́ apẹ̀rẹ̀ kajú rẹ̀. Kafilatou dìde. Ó ká aṣọ orí bẹ́ǹṣì, ó ká a tán, ó tún un ká.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gba ẹ̀yìn fèrèsé rẹ̀ kọjá. Ó béèrè nǹkan, ó sì dákẹ́. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ewúrẹ́ ké níta. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí èmi gan-an fẹ́ dáhùn. Nígbà tó yá, ohùn Habibath dìde, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Mi ò dúró gbọ́ bóyá ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà. Mo lọ sílé, mo gbé ọbẹ̀ kaná.

“Iyọ̀ dà?” ni mo wí.

Mo sì dúró díẹ̀.