Ikọ́ Mi Wà Nínú Ẹ̀kọ́ Ìyàwó Mi

Ìdí kọ̀ǹpútà ni ìyàwó mi kú sí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí máòsì. Ọ̀gá rẹ̀ ní àmúwá Ọlọ́run ni. Irọ́ ló ń pa. Iṣẹ́ àṣetúnṣe ló pa á, mo sì mọ ẹni tó gbé e fún un.

Èmi ò kàwé. Tíṣà ni mo máa ń pè é, torí òun ló ń ṣe ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ iléèwé ń wò lórí fóònù. Níbẹ̀rẹ̀, àwòrán lásán ni, á wá fi ohùn ara rẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, wọ́n gbé irinṣẹ́ mìíràn dé sínú kọ̀ǹpútà, èyí tí ọmọ lè tẹ ìdáhùn sí. Ó dára. Àmọ́ irinṣẹ́ tuntun kò lè ṣí iṣẹ́ àtijọ́. Ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀kọ́! Tíṣà tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Wọ́n tún pààrọ̀ irinṣẹ́, ó tún un ṣe. Nígbà kẹta, dókítà ti kọ̀wé pé kó sinmi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga jù. Ọ̀gá gbé ife tíì lé ìwé náà: "Mọ́mì, ayé ti lọ síwájú o."

Ayé wo? Èyí tí kò lè ru ẹrù àná, tó wá dì í lé obìnrin kan lórí?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi obìnrin ń kọ́ ìṣirò lórí fóònù, mo gbọ́ ohùn Tíṣà. Mo ní kó ka orúkọ ẹni tó ṣe é, tó wà níbẹ̀.

"Bàbá àgbà, orúkọ ọ̀gá màmá àgbà ni."

Mo gbéra, ó di ọ́fíìsì. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Bàbá, irinṣẹ́ tuntun ló ń dá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ohùn ẹnikẹ́ni."

Ó rò pé òkú kì í fọhùn. Mo ní kó ṣí ẹ̀kọ́ náà. Ilé wa ni Tíṣà ti gba ohùn yẹn sílẹ̀, torí ariwo ọ́fíìsì. Láàárín ẹ̀kọ́, ọkùnrin kan wúkọ́. Tíṣà ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá wọn. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má dá a lóhùn, ó ń jowú ìṣirò ni."

"Ṣé irinṣẹ́ yín ló fẹ́ mi nílé?"

Mo gbé ọ̀pá mi sókè, mo fọ́ ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ wómúwómú. Wọ́n ní àwọn á pe ọlọ́pàá. Ẹ pè wọ́n! Èmi tí mo fọ́ gíláàsì, ìwọ tí o tẹ obìnrin pa, ta ni kí wọ́n dè?

Mi ò bẹ̀bẹ̀. Ẹ pa orúkọ ọ̀gá rẹ́, ẹ kọ ti Tíṣà sí gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Ẹ gbé ìwé dókítà jáde, pẹ̀lú àmì ife tíì lórí rẹ̀. Kí ọ̀gá dìde níwájú gbogbo wa, kó sọ ẹni tó ní kí aláìsàn tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Títí dìgbà náà, ọ̀pá mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kọ̀ǹpútà wọn sì pọ̀.