Ògbufọ̀ Tí Kò Gbọ́ Híńdì

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ba ìwé rere jẹ́, kó wá jókòó sí pálọ̀ wa ní àdúgbò Ladjifarani. Fíìmù Híńdì àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fa ìtàn rẹ̀ yọ láti inú ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Mo ka ìwé náà ní yunifásítì ní Nàìjíríà, nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú, tí èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń jókòó lábẹ́ igi, tí a ó máa fi ojú ìwé kan ṣoṣo jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sí ariwo nínú ìwé náà. Ọkùnrin kan fẹ́ràn ọmọ onílẹ̀ ńlá kan, kò lówó tó lè fi fẹ́ ẹ, ó bá lọ sí ẹ̀yìn odi. Nígbà tó padà dé, obìnrin náà ti wà nílé ọkọ. Wọ́n pàdé lẹ́nu géètì, wọ́n kí ara wọn, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò díẹ̀, kálukú bá tirẹ̀ lọ. Ó parí. Odidi ọdún kan ni mo fi ń ro ìkíni yẹn.

Àwọn ará Íńdíà gba ìkíni yẹn, wọ́n fi orin mẹ́fà sí i. Wọ́n ní ọmọ ogún ọdún ni ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ti lé ní ogójì. Ìjì jà, ó wó igi, irun orí rẹ̀ kò mì. Obìnrin náà pààrọ̀ aṣọ nígbà mẹ́rin nínú orin kan, lórí òkè tí kò sí ilé kankan níbẹ̀.

Mo lè dárí ìyẹn jì wọ́n. Ẹni tí n kò dárí jì ni ògbufọ̀.

Nígbà èwe wa, ilé sinimá kan wà ní àdúgbò Zongo, lẹ́bàá ibùdó àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Matírẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Fíìmù Híńdì ni wọ́n máa ń fi hàn wá, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ Híńdì. Ẹni tó ni ilé náà bá gba ọkùnrin kan síṣẹ́, tó máa ń jókòó sórí garawa epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí fíìmù ń hàn lórí rẹ̀, tí á máa fi gbohùngbohùn sọ ohun tí wọ́n ń sọ fún wa, ní èdè Dẹndí àti ní Yorùbá. Òun náà kò gbọ́ Híńdì. Ẹnu àwọn òṣèré ló ń wò, ó ń hùmọ̀ ọ̀rọ̀ sí i. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, bàbá ọmọbìnrin inú fíìmù yìí di oníṣòwò àlùbọ́sà láti Malanville, ọkọ tí wọ́n fi ọmọ náà fún di ọ̀gá aṣọ́bodè. Àwọn awakọ̀ akẹ́rù á máa sunkún nítorí àlùbọ́sà tí kò sí níbì kankan. Àwọn ọmọbìnrin fẹ́ràn ògbufọ̀ náà bí nǹkan míì. Ìyàwó mi wà nínú wọn. Ìgbà kan wà tí mo rò pé òun ni yóò fẹ́.

Ní báyìí, awọ funfun ti bo ẹyinjú ìyàwó mi méjèèjì. Dókítà ní àtọ̀gbẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọlẹ̀ kí òun tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ ojú náà, àti pé kò ní rọlẹ̀ bí kò bá jẹun déédéé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ojú ti ṣú u, oúnjẹ kò wù ú mọ́. Nígbà tí ọmọ wa obìnrin tó wà ní Kutọnu bi í ní ohun tó ń fẹ́, fíìmù yẹn ló dárúkọ. Ọmọ náà wá a rí, ó gbé e wá, àkọlé Faransé tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀ fún un. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo rò pé mo tó bẹ́ẹ̀.

"Ó ní ọkàn òun ń jó," ni mo wí. "Kò sí nínú ìwé."

"Kí ni bàbá alálùbọ́sà fi dá a lóhùn?"

"Kì í ṣe alálùbọ́sà. Adájọ́ ni wọ́n fi í ṣe níbí. Nínú ìwé gan-an, onílẹ̀ ni."

Ó fọwọ́ dá mi dúró. "Bàbá wọn, ẹ pa fíìmù náà. Ó dà bíi pé mo wà ní kíláàsì yín."

Ó ní kí n lọ pe ògbufọ̀ wá. Mo ní n kò lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kẹrin, mo gun ọ̀kadà lọ sí Zongo.

Mo bá a níwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀. Kò ní eyín mọ́. Ó ń ṣàlàyé eré bọ́ọ̀lù kan tí kò wò fún àwọn tó wò ó.

"Mètírì," ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo tíṣà níhìn-ín, "ṣé ẹ wá fún mi ní iṣẹ́ àṣetiléwá ni?"

"Ìyàwó mi ló ń pè ọ́."

"Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kó pè mí."

Àwọn tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a délé ni mo rí i pé ojú tirẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó tẹ̀ sí etí mi: "Kí ni wọ́n ń sọ?" Èmi tí mo kàwé ni mo wá ń sọ ọ̀rọ̀ sí etí òpùrọ́ kí ó lè rí nǹkan fi purọ́.

"Ó ní ọkàn òun ń jó."

Ó gbé ohùn sókè. "Ó ní, 'Láti àná ni mi ò ti fẹnu kan nǹkan. Àlùbọ́sà bàbá rẹ ló ń ta mí lójú báyìí, àwọn èèyàn rò pé ìfẹ́ ni.'"

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi yọ̀ bọ́. Ó na ọwọ́, ó wá àwo ẹ̀wà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹun.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí fíìmù parí, òjò dé bá wọn lórí òkè yẹn, obìnrin náà ṣubú sí ọwọ́ olólùfẹ́ rẹ̀. Nínú ìwé, kò sẹ́ni tó ṣubú. Ògbufọ̀ bi mí ní ohun tí àkọlé sọ. Mo sọ fún un létí pé obìnrin náà ti kú. Ọkùnrin náà wo ojú ìyàwó mi, ó tẹ orí ba. Èmi tí mo ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú irọ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe, mo jókòó, mo ń retí irọ́ kan, kò sì dé.

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ ìyàwó mi. "Bàbá wọn, kí ló dé tí ẹ̀yin méjèèjì dákẹ́? Kí ló ṣe ọmọbìnrin náà?"

"Ó dákú ni," mo ní. "Òtútù ló mú un. Wọ́n ti lọ pe dókítà."

"Mo mọ̀ pé òtútù ni. Aṣọ yẹn fẹ́lẹ́ jù." Ó tún bu ẹ̀wà sẹ́nu.

Ògbufọ̀ tẹ̀ sí mi. "Dókítà wo, lórí òkè? Irọ́ yín kò dára rárá, Mètírì."

Orin mìíràn bẹ̀rẹ̀. Òkú náà ló ń kọ ọ́. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ara ọmọbìnrin náà ti ń yá.